A Kì Í Dá Igbá Padà Lófìfo

“Àkàlà ń sùn,” ni Látúnjí wí. “Ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ bí wọ́n bá bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ òun. Ẹ jẹ́ ká yá a lò, ká dá a padà kó tó jí.”

Fadérera wà lórí àkàbà, ó ti ki orí bọ ikùn Àgbìgbò dé èjìká, ó ń fi iná ọwọ́ rẹ̀ wo ihò tí wọ́n ti yọ fáàfù epo. Ihò náà là sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Gbogbo ohun tó kù lára ọkọ̀ òfurufú náà ló pé. Ìyẹ́ rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ omi rẹ̀ méjèèjì pé, oríkì tí wọ́n kọ sí ìhà rẹ̀ ṣì ń dán: Àgbìgbò, abàlómi bí ẹni jókòó sórí ẹní. Fáàfù kan tí kò ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ ni kò jẹ́ kó lè dìde nílẹ̀.

“Ìyá Àgọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

“Mo gbọ́ ọ, Látúnjí. Orí ni mo kì bọnú ọkọ̀, n kò bọ́ etí sílẹ̀ níbẹ̀.”

“Ó dára. Oòrùn náà ń gbọ́ wa, kò sì dúró.”

Látúnjí ni awakọ̀ Àgbìgbò. Láti òwúrọ̀ ló ti wọ aṣọ òfurufú rẹ̀, kò sì tíì fìdí kan àga. Òun ló gbé àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ sí Ìyanrìn-Ṣẹ́kù, ìyẹn ìwọ̀nba ilẹ̀ tí òkun fi sílẹ̀ níbi tí erékùṣù ńlá kan wà láyé àwọn bàbá wọn, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọkọ̀ ojú omi àwọn ọ̀tá. Ó ní òun ń padà bọ̀ wá gbé wọn. Ọjọ́ náà gan-an ni Àgbìgbò padà délé pẹ̀lú fáàfù tó ya.

“Omi ti dé orókùn ní Ìyanrìn-Ṣẹ́kù,” ohùn kan wí láti inú àjà. Abẹnugan nìyẹn, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo àgọ́ àtúnṣe ilẹ̀ náà. Kì í pariwo, kì í kẹ́dùn. Bó ṣe ń kéde oúnjẹ ọ̀sán náà ló ṣe ń kéde ikú.

“Ta ló bi ọ́?” ni Látúnjí wí sí àjà.

“Òfin ló ní kí n máa sọ,” ni Abẹnugan wí. “Bí òkun bá kún ní ìrọ̀lẹ́, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ yóò tán.”

Fadérera sọ̀kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà. Àgọ́ Ẹsẹ̀-Òkè tẹ́jú lọ níwájú rẹ̀, ó mọ́, ó ṣófo, láti ògiri dé ògiri. Kò sí pẹpẹ, kò sí àpótí, kò sí igun kan tí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lè sá pamọ́ sí. Àlejò tó bá wọlé yóò rò pé olè ti kó ibẹ̀ lọ. Òfìfo yìí ni Fadérera fi ń yangàn láàárín àwọn olórí àgọ́, torí irin tó bá dé lónìí, ara ọkọ̀ ló ń sùn lónìí. Okùn pupa kan ṣoṣo ló so rọ̀ láti àárín àjà, ìdí rẹ̀ sì mọ́ bí aṣọ tuntun, nítorí ọwọ́ kankan kò tíì fà á láti ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ olórí ti wà lọ́rùn Fadérera.

Ní òdìkejì àgọ́ ni Àkàlà wà, funfun báláú, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn níwájú orí rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ibodè pé: mo pé, ẹ pè mí nígbàkigbà. Dáramọ́lá, igbákejì Fadérera, dúró tì í. Sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bí Àkàlà bá pé tó báyìí,” ni Fadérera wí, “kí ló dé tí a kò ní kó o fi í lọ gbé wọn?”

“Ẹ̀yin náà mọ̀. Kò lẹ́sẹ̀ omi. Ibi tó bá bà sí ló máa rì sí.” Látúnjí rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Fáàfù kan náà ni òun àti Àgbìgbò ń lò. Dáramọ́lá ní kò ní pẹ́ tí òun á fi yọ ọ́. Iná orí rẹ̀ kò ní kú, àtàǹpàkò yín tẹ́ ẹ tẹ̀ sí i láàárọ̀ ló gbà gbọ́. Kì í wo inú ara rẹ̀.”

“Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

“Tí igbá tí a fi pe fáàfù tiwa bá dé lọ́la, ẹ dá a padà sí i. Ta ló máa mọ̀?”

“Tí wọ́n bá pe Àkàlà láàárín ìyẹn ńkọ́?”

“Ta ló máa pè é lálẹ́ òní?”

“Ẹni tó bá ń kú lọ,” ni Fadérera wí.

Látúnjí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. “Ìyá Àgọ́, àwọn tó ń kú lọ lórí Ìyanrìn-Ṣẹ́kù, mo mọ orúkọ wọn. Èyí tí ẹ̀ ń sọ yìí, ẹ ò mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ̀ ọ́n, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fadérera lára. Ó yíjú sí Dáramọ́lá. “Igbá tiwa dà?”

“Ọyẹ́ ni, Olórí,” ni Dáramọ́lá wí. “Eruku yìí ló ń dá àwọn àwòdì dúró lójú ọ̀run. Gbogbo àgọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Òótọ́ ni pé gbogbo àgọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwòdì irin tó ń gbé igbá ìpè lọ sí Òkè-Irin, níbi tí wọ́n ti ń rọ irin ọkọ̀, ń lọ, ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n igbá tó bá gbé lọ kì í tètè bá a padà mọ́. Ọyẹ́ ni, ni wọ́n ń wí, wọ́n sì ń pa ojú wọn mọ́ fún eruku.

“Ẹ pe Òkè-Irin lórí fóònù,” ni Látúnjí wí. “Ẹ ní kí wọ́n rọ ọ̀kan fún wa kíákíá.”

“Ẹnu kì í pe irin. Igbá ló ń pè é.”

“Nítorí Ọlọ́run.”

“Nítorí Ọlọ́run náà ni. Ẹnu ló ń pè é láyé bàbá rẹ. Ẹni tó fẹ́ ọ̀kan pe mẹ́wàá, ẹni tó fẹ́ mẹ́wàá pe ọgọ́rùn-ún, gbogbo rẹ̀ kún àká dé òrùlé, títí ọ̀tá fi sọ ẹyọ iná kan sí i. Bàbá rẹ kò sọ ti Iná Àká fún ọ rí?”

“Ó sọ ọ́. Ó ní iná náà jó títí irin fi ń ṣàn bí ọbẹ̀ ilá.” Látúnjí wo oòrùn lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ kí wọn, ó tán. Kíkí kì í ṣe ìpè.”

Ìyẹn bófin mu. Fadérera wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá ìtẹ́ àwòdì, ibi tí àwòdì irin ń bà sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé fóònù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dáhùn. Ìyá Àríkẹ́ ni, àgbà obìnrin tó gba ilé àgbẹ̀dẹ Òkè-Irin nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

“Ta nìyẹn? Ohùn Fadérera nìyẹn. Ìyá Àgọ́, ẹ kú ọyẹ́ o. Ara ò le bí? Àwọn ọmọ irin ńkọ́?”

“A dúpẹ́, Mà. Ẹ kú iná.”

“Iná wo? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Ẹ ṣeun iyọ̀ o. Iyọ̀ tó mọ́ gaara. Mo fi se ẹ̀fọ́, ọkọ mi bi mí bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi níyàwó ni. Bí ẹ ṣe fi adùn sí ọbẹ̀ wa, Olúwa á fi adùn sí ayé yín.”

“Àmín, Mà.” Àmín náà ti jáde lẹ́nu Fadérera kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. “Mà, igbá tí iyọ̀ náà wà nínú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà lára ògiri. Mo so ó kọ́ mọ́ àwọn yòókù. Ẹ bá wá wo ilé wa, ó ti lẹ́wà bí ààfin.”

“Àwọn yòókù wo?”

“Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ní ìwà ni? Orí-Àpáta fi oyin ránṣẹ́. Etí-Ọ̀sà fi edé gbígbẹ. Láti ìgbà tí mo ti ń bu ẹ̀pà sísun sí ìsàlẹ̀ igbá fún yín, igbá kankan ò padà wá lásán mọ́. Ẹni tó wà níbí ṣáájú mi, wọ́n ní kò bun ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn tó rajà lọ́wọ́ mi tí n kò fún lénì, n kì í sùn dáadáa.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Fadérera di etí fóònù mú.

“Irin tí àwọn igbá náà wá pè ńkọ́, Mà?”

“Ìpè wo? Agogo ò lù. Òṣùwọ̀n ẹnu ọ̀nà ní wọ́n kún. Igbá òfìfo ló ń lu agogo, igbá kíkún kì í pe nǹkan kan, àbí òfin ti yí padà? Iṣẹ́ tiẹ̀ ti dínkù jọjọ. Mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́, ó jọ pé ogun ti ń rọlẹ̀.”

Fadérera jókòó.

“Mà, bí agogo yín bá lù nísinsìnyí, ìgbà wo ni fáàfù á ṣe tán?”

“Ọ̀la. Irin kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sùn kó tó tutù. Kí ló dé? Ẹ̀ ń mí bí ẹni tó gun òkè.”

“Kò sí nǹkan, Mà. Ẹ kú ìnáwó ẹ̀pà.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí orí ìtẹ́ àwòdì níta fèrèsé. Níbẹ̀ gan-an ló ti ṣe é. Igbá dé láti Òkè-Irin, ó kó irin inú rẹ̀, ó rí ẹ̀pà nísàlẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó dùn mọ́ ọn. Nígbà tó kan dídá igbá náà padà láti pe fáàfù Àgbìgbò, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà. Ó bu iyọ̀ díẹ̀ sínú ewé, ó wé e bí ìgbà tí wọ́n ń wé òògùn ọmọ, ó sì gbàdúrà sí i fún àwọn tó ń fi ojú kan iná. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Nídìí ààrò ló ti kọ́ ìwé ayé kó tó mọ orúkọ irin kankan. Arúgbó náà a máa sọ pé abọ́ tó wá ní kíkún tó bá padà lófìfo, ilé tó ti jáde ló ń kó òfìfo náà dé. Ọmọ tó bá dá abọ́ aládùúgbò padà lásán nílé wọn, orí omi ló máa sùn lọ́jọ́ náà, torí wọn ò ní fún un lóúnjẹ.

Gbogbo orílẹ̀-èdè ló mọ̀ pé igbá òfìfo ni ìpè. Òun náà mọ̀ ọ́n, òun ló ń kọ́ àwọn tuntun. Ọpọlọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó jáde, Dáramọ́lá ti tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ nínú ikùn Àkàlà. Kò yọ ọ́, ó kàn tú u. Látúnjí dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ òjò.

“Kí ni wọ́n wí?” ni Látúnjí bi í.

Èsì kan ti jókòó sẹ́nu Fadérera, ó rọrùn, ó sì ṣeé gbà gbọ́. Ọyẹ́ ni. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Dáramọ́lá yóò tú èyí tó kù, Àgbìgbò yóò gbéra, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò wálé, òun yóò sì fi igbá mìíràn ránṣẹ́ lọ́la, igbá tó ṣófo dáadáa. Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa iyọ̀. Ìyá Àríkẹ́ pàápàá kò mọ̀ pé òun mọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ó ń ro Orí-Àpáta, ó ń ro Etí-Ọ̀sà. Lónìí yìí, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó gbójú sókè, tó ń retí irin tí ẹnikẹ́ni kò rọ, tó ń sọ fún awakọ̀ rẹ̀ pé ọyẹ́ ni. Àwọn igbá wọn ń ṣọ̀ṣọ́ ògiri ní Òkè-Irin. Àkàlà mélòó ni wọn yóò tú nítorí ìyẹn, tí iná orí wọn yóò ṣì máa tàn? Bí òun bá dákẹ́, òun nìkan ni yóò mọ̀ nínú gbogbo ayé pé ohun tí wọ́n ń retí kò sí lọ́nà.

“Dáramọ́lá,” ó wí, “de nọ́ọ̀tì yẹn padà.”

“Olórí?”

“Dè é.”

Ó rìn lọ sí àárín àgọ́. Látúnjí rí ibi tó ń lọ, ó sì wá dúró níwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

“Ẹ má ṣe é,” ó wí. “Mo bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá fa okùn yẹn, gbogbo àgọ́ láti ibí dé òkun ló máa ju sípánà sílẹ̀. Tí ìdí ọ̀rọ̀ ò bá hàn, a ó wà níbí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fáàfù wà níwájú wa, kò jìnnà sí wa ju kí a fi ọwọ́ kan imú lọ.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ ti pa wọ́n nìyẹn.” Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń kà á lójú ìwé.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni Fadérera wí. “Bìlà, Látúnjí, ọmọ ìyá mi. Má jẹ́ kí n ti ara rẹ kọjá.”

Ó bìlà. Fadérera sọ pé Olúwa, ọwọ́ rẹ ni mo wà, ó sì fa okùn.

Kò sí ariwo. Iná àgọ́ kàn yí padà sí pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn dákẹ́, ẹ̀rọ tó ń yí dákẹ́, Fadérera sì gbọ́ nínú àjà bí àwọn àgọ́ mìíràn ṣe ń dákẹ́ tẹ̀lé ara wọn, bí ìgbà tí abúlé bá ń pa fìtílà lọ́kọ̀ọ̀kan. Níkẹyìn, èémí àwọn èèyàn nìkan ló kù.

“Àgọ́ Ẹsẹ̀-Òkè ló fa okùn,” ni Abẹnugan wí. “Gbogbo àgọ́ ń gbọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Fadérera ni. Àgbìgbò kò lè fò.”

“Kí ló fà á?”

“Fáàfù epo rẹ̀ ya, kò sì sí òmíràn.”

“Kí ló fà á?”

“Igbá tí a fi pè é kò pè é.”

“Kí ló fà á?”

“Òṣùwọ̀n Òkè-Irin kà á sí igbá kíkún.”

“Kí ló fà á?”

Dáramọ́lá ti gbójú sókè. Látúnjí pẹ̀lú ti yíjú padà, ó ń wò ó. Fadérera di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ mú.

“Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láti àgọ́ kan tó jìn, ó sì tètè pa á mọ́ra.

“Kí ló fà á?” ni Abẹnugan wí ní ìgbà karùn-ún, bó ṣe wí i ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ìdáhùn yìí ló le jù. Fadérera wá a ní ẹnu bí ẹni ń wá ọ̀rọ̀ èdè mìíràn. “Wọ́n bu ẹ̀pà sí igbá náà fún wa nígbà tó ń bọ̀. Ìyá tó tọ́ mi kọ́ mi pé a kì í dá abọ́ ẹni tó ṣe wá lóore padà lófìfo. N kò rántí òfin. Àbí kí n sọ pé èyí tí mo kọ́ ṣáájú òfin ló rántí mi.”

Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin àgbà kan húkọ́ nínú àjà. Ògúnjìmí ni, olórí Orí-Àpáta, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ korò débi pé àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń fò sókè nítorí àtisá fún un.

“Oyin ni tèmi,” ni Ògúnjìmí wí. “Ìgò kékeré. Mo ti ń bú ọyẹ́ láti ọjọ́ yẹn.”

“Edé ni tiwa,” ni ohùn obìnrin kan wí láti Etí-Ọ̀sà. “Èmi kọ́ o, igbákejì mi ló fi í sí i, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kó fi kún un.”

“A fi ata gígún sí tiwa,” ẹlòmíràn wí.

“Èmi fi aṣọ ọmọ kan sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ìyá Àríkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọmọ-ọmọ ni.”

“Yéè,” ni ohùn Ìyá Àríkẹ́ wí láti Òkè-Irin, jẹ́ẹ́jẹ́. “Yéè, ẹ̀yin ọmọ mi. Kì í wá ṣe pé ogun ń rọlẹ̀.”

“Ìdí ti dé ilẹ̀,” ni Abẹnugan wí. “Òkè-Irin, ka gbogbo igbá tó wà lára ògiri sí ìpè. Agogo yóò lù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀-Òkè nílò fáàfù epo kó tó di ìrọ̀lẹ́. Okùn ti tú ọwọ́ gbogbo àgọ́. Ta ló ní in?”

Èyí gan-an ni Fadérera kò lè mọ̀ ṣáájú. Kò sí àgọ́ tó ń rí inú àgọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni bèèrè, àfi lábẹ́ okùn. Ó ka èémí ara rẹ̀. Látúnjí wo ilẹ̀.

“Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi níbí,” ni Ògúnjìmí wí níkẹyìn, bí ẹni tí wọ́n fà léyín. “Igbá tó pè é ti lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyin ránṣẹ́. Ó yẹ kí ọkọ̀ mi fi fò láàárọ̀ ọ̀la. Ó dára, ọkọ̀ mi á sùn. Àwòdì mi ti ń gbéra. Ìyá Oníyọ̀, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́ yín, bàbá. Ẹ ṣeun.”

“Ẹ má dúpẹ́. Ẹ dá igbá mi padà lófìfo ni. Bí mo bá rí ẹyọ iyọ̀ kan níbẹ̀, mo máa fẹsẹ̀ rìn wá bá yín.”

Ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Oníyọ̀ nìyẹn, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Àwòdì Orí-Àpáta dé nígbà tí oòrùn ti fara kan orí igi. Fadérera fúnra rẹ̀ ló fi fáàfù náà sí Àgbìgbò, Dáramọ́lá ló ń na irinṣẹ́ sí i. Látúnjí ti jókòó níwájú ọkọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dún, kò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni, ó wakọ̀ jáde sínú eruku, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn Àgbìgbò títí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́. Fadérera dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń ka àdúrà tó mọ̀ sínú, nígbà tí èyí tó mọ̀ sì tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì ọkọ̀ náà.

Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí ohùn Látúnjí dé.

“Mo ti rí wọn,” ó wí. “Omi ti dé igbáàyà. Wọ́n gbé ẹni tó kúrú jù léjìká.” Ẹ̀rọ ọkọ̀ bo ohùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Gbogbo wọn ti wọlé.”

Dáramọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú. Fadérera lọ wo iná orí Àkàlà, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kan nọ́ọ̀tì tí wọ́n tú.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìdájọ́ dé, láti inú àjà, kí wọ́n tó jẹun. “Igbá tó ń padà gbọ́dọ̀ ṣófo,” ni Abẹnugan wí. “Ẹni tó fa okùn kò jẹ̀bi okùn. Ẹni tí igbá rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró yóò máa jókòó ti igbá títí ọyẹ́ mìíràn.”

“Gbogbo wọn ló ṣe é,” ni Dáramọ́lá wí. “Kí ló dé tó fi jẹ́ Olórí nìkan?”

“Ọkọ̀ tiwa ló dúró,” ni Fadérera wí. Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó fi í sọ́rùn Dáramọ́lá, ó sì tún un ṣe kó má wọ́. “Nọ́ọ̀tì tí o tú lọ́sàn-án àná, tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọ pé ọkọ̀ ń sùn, rántí pé èmi ni mo ní kí o dè é.”

Látúnjí kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́ àwòdì, níbi tí Fadérera ń jókòó ti igbá, kọjá lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà náà jìn ju èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó dúró. “Ìyá Oníyọ̀,” ó wí, “ẹ kú ìjókòó.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí igbá mìíràn dé láti Òkè-Irin. Fadérera ṣí i. Irin tí wọ́n pè wà nínú rẹ̀, ó gbé e fún Dáramọ́lá, kò fi ojú kejì wò ó. Lábẹ́ irin náà, nínú ewé, ẹ̀pà sísun wà. Ìdájọ́ kò sọ nǹkan kan nípa igbá tó ń bọ̀, Ìyá Àríkẹ́ sì ti gbọ́ ìdájọ́ náà dáadáa.

Ó jókòó, ó jẹ ẹ̀pà náà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó gbọn èèpo rẹ̀ dànù. Ó nu inú igbá náà títí ó fi ń dán, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi òjìji ojú tirẹ̀. Ọkọ̀ kan wà nínú àgọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó ń retí ìpè yìí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀, níbi tó so iyọ̀ díẹ̀ mọ́, ó padà. Ó tún lọ, ó tún padà.

Nígbà náà ló gbé igbá náà sún mọ́ ẹnu rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ní ohùn kékeré:

“Àríkẹ́, ọmọ afẹ́wìrì-kí-ilẹ̀-tó-mọ́,
ọmọ iná jókòó, iná kò jó onílé,
ọmọ a-lu-irin-kó-má-bínú.
O bun ẹni tí o kò rí, o bù kún ohun tí kò béèrè.
Bí irin ṣe ń gbọ́ tìrẹ, kí ọmọ máa gbọ́ tìrẹ.
Iná tí o fi ojú kàn, kó má gba ojú náà.
Ilé tí igbá yìí ń lọ, kó má ṣófo láéláé.”

Ó dé igbá náà kíákíá, bí ìgbà tí èèyàn bá ń dé ọbẹ̀ gbígbóná. Òṣùwọ̀n tuntun kan wà lórí ìtẹ́ àwòdì báyìí, wọ́n gbé e síbẹ̀ nítorí tirẹ̀. Ó gbé igbá náà lé e, ó sì dúró.

Abẹnugan ti gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Ó pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ kó tó fọhùn.

“Òfìfo,” ó wí.

Fadérera tú àwòdì sílẹ̀.